Àwọn Ìbejì Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Esther ìyàwó Tíṣà Joseph gbé mì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, ọjọ́ Ìsinmi ni ó pọ̀ ọ́ jáde, níwájú ìjọ, níwájú àwọn àlejò òyìnbó, níwájú kámẹ́rà tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi ya fọ́tò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rere. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ̀yin ará, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, bó bá tilẹ̀ máa bá eyín mi jáde." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ara le àga dáadáa, torí bí àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí oore Ọlọ́run ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn ní Ìjọ Òkè Ìrètí, nítòsí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí ìtàn yìí. Àwọn kan ní Esther dákú, àwọn kan ní òyìnbó ló dákú. Kò sí ẹni tó dákú. Bí Esther fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí, tòun ti gbogbo èébú tó fi ń bu ara rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹni tó bú Esther nínú ọ̀ràn náà tó bí ó ṣe bú ara rẹ̀.

Ìgbà náà, Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti gbòde kan. Ẹni tó ń mu tíì oníwàrà tẹ́lẹ̀ ti ń mu tíì dúdú, ó sì ń sọ fún àlejò pé dókítà ló ní kí òun máa mu ún bẹ́ẹ̀. Agolo wàrà ọmọdé ti di ohun tí ènìyàn ń wò lórí àtẹ, tó ń kí, tó ń kọjá. Nínú ọ̀wọ́n yìí ni àwọn obìnrin ìjọ kan ní ilẹ̀ Kánádà fi ọwọ́ so ọwọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin Òkè Ìrètí, pé àwọn fẹ́ ran ìyá àti ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó ṣáájú wọn ni obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kánádà. Kò tíì dé ilẹ̀ yìí rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ní ẹni tó bí ẹyọ kan ń jìyà, ẹni tó bí méjì ń jìyà lápá ọ̀tún, ó ń jìyà lápá òsì, kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn ìyá ìbejì rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá ìbejì máa ń péjọ sí gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n á kọ́ wọn ní aṣọ rírán, wọ́n á sì fún wọn ní wàrà, ọṣẹ àti aṣọ ọmọ. Díákónì Ọlálékan ni alábòójútó, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó fẹ́ràn ètò ju oúnjẹ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Esther bí, ọkùnrin, Fisáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmú ìyá rẹ̀ kò tó o. Ọ̀yọ́ ni Joseph ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, tí yóò bá ọmọ náà níbi tí ó ti ń ké, tí yóò tún fi sílẹ̀ níbi tí ó ti ń ké. Nínú ilé kan náà tí wọ́n háyà, yàrá tó kọjú sí tiwọn ni ti Kúbúrátù, ìyàwó Kareem tí ó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Sábó. Kúbúrátù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Saifudeen. Esther àti Kúbúrátù jọ lóyún, wọ́n jọ bímọ, wọ́n jọ ń bínú sí owó wàrà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Kúbúrátù ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀, ó ní kí Esther bá òun mójú tó Saifudeen. Esther pọn Fisáyọ̀, ó gbé Saifudeen sí àyà, ó jáde lọ ra epo ìdáná. Iwájú gbọ̀ngàn ìjọ ló gbà, ni Díákónì Ọlálékan, tí kò tíì mọ̀ ọ́n, bá yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá ìbejì, ẹ ṣe dúró síta? Ẹ wọlé o, a ti ń pín in." Esther ní Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí òun, òun la ẹnu láti sọ pé ẹyọ kan ni òun bí. Ẹnu náà là lóòótọ́, ohùn ni kò jáde, nítorí ojú rẹ̀ ti rí àwọn agolo wàrà tí wọ́n tò bíi búlọ́ọ̀kù lórí tábìlì. Díákónì bi í pé, "Èwo ni Táyé nínú wọn?" Esther na ìka sí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìka yìí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, tí yóò sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, "ìka yìí ló kọ́kọ́ parọ́, ẹnu kàn tẹ̀ lé e ni."

Nígbà tí Kúbúrátù dé, tó rí agolo wàrà àti aṣọ ọmọ méjì tó jọra, ó ní, "Ta ló kú tí wọ́n ń pín ogún rẹ̀?" Esther ṣàlàyé. Kúbúrátù jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ìwọ Ìyá Fisáyọ̀, o gbé ọmọ Mùsùlùmí lọ gba wàrà ní ṣọ́ọ̀ṣì." Lẹ́yìn náà ló mú agolo kan, ó mì ín létí bí ẹni tó ń yan ẹyin tó dára lọ́jà. "Ó kún," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ibẹ̀ ni òwò wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn: wàrà tó tó ọmọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọṣẹ ni wọn yóò máa gé sí méjì, wọn kò sì gbọdọ̀ ta ohunkóhun. Esther máa ń fi kún un pé, "Bí ẹni pé olè tí kò bá ta ẹrù tó jí kì í ṣe olè."

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Kúbúrátù ní níwọ̀n ìgbà tí Saifudeen ti jẹ́ Kẹ́hìndé, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ni kí ó kọ́kọ́ máa mú nínú aṣọ. "Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò wá. Ọmọ tìẹ, ìránṣẹ́ ọmọ mi ni." Inú bí Esther. Ó ní, "Kúbúrá, ojú ẹ ló ṣe. Ọmọ mi ti dáyé, a ti sọ ọ́ lórúkọ, kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí." Kúbúrátù pàtẹ́wọ́. "Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn. Táyé ló máa ń ṣáájú." Àwọn àgbàlagbà méjì yìí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lórí ipò àgbà láàárín ìbejì tí kò sí láyé. Ebi ọmọ ló bá wọn parí ìjà náà.

Wàhálà Ọjọ́bọ̀ kì í tán. Gbogbo òwúrọ̀ ni Kúbúrátù ń lé tìróò sójú Saifudeen, tírà kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ fi awọ rán. Wọ́n á nu tìróò kúrò, wọ́n á tú tírà, kí wọ́n tó jáde. Ọjọ́ kan wọ́n gbàgbé tírà. Díákónì wò ó. "Kí ni Kẹ́hìndé fi sọ́rùn yìí?" Esther ní ẹ̀bùn ìyá òun ni. Díákónì ro ọ̀rọ̀ náà bí ó ti máa ń ro gbogbo nǹkan, ó ní, "Ti Táyé dà? Ṣé ìyá yín kọ́ ni ìyá àgbà tirẹ̀ náà?" Ọmú náà tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Bí Saifudeen bá ń ké, Esther kò ní ohun tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ni Kúbúrátù bá ń tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí àbúrò ọkọ Esther tó ń bá a gbé ọmọ. Ọmọ náà kò mọ àdéhùn. Bí ó bá ti rí ìyá rẹ̀, àyà rẹ̀ ló ń forí lé tààrà. Kúbúrátù á gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, á sì sọ fún àwọn ìyá tó ń wò pé, "Bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo obìnrin nìyí. Aláìnítìjú ọmọ ni."

Irọ́ náà kò jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì san owó ọkọ̀. Tíṣà kan níbi iṣẹ́ Joseph ní ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sí Òkè Ìrètí. Ni àwọn tíṣà bá dáwó jọ, wọ́n ra ohun gbogbo ní méjì-méjì, wọ́n gbé e ka orí tábìlì Joseph. "Tíṣà, a bínú sí yín o. Ẹ bí ìbejì, ẹ ò dún." Ọjọ́ Ẹtì, Joseph wọlé pẹ̀lú bẹ́séènì ìwẹ̀ ọmọ méjì lábẹ́ abíyá. Ó jókòó, ó ní, "Ìyá Fisáyọ̀, màá bi ọ́ ní ìbéèrè kan bíi ti ìdánwò. Ọmọ mélòó ni mo bí?" Esther jẹ́wọ́ fún un. Joseph gbé ìwé ìròyìn tó ti pẹ́, ó fi bo ojú, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé Ọ̀yọ́ tí wọ́n bi í léèrè ìlera àwọn ọmọ, ó ní, "Wọ́n wà dáadáa, àwọn méjèèjì."

Bí ẹni ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀ ni Esther ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Nítorí pé ó lọ sí Mọ́dánà, ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, tó mọ ìwé kà, tó sì mọ̀rọ̀ sọ, wọ́n fi í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìbejì. Ó gba oyè náà. Ẹni tí kò bí ìbejì rí wá ń kọ́ àwọn tó bí i bí wọn yóò ṣe pọn ọ̀kan tí wọn yóò gbé èkejì, èwo ni wọn yóò kọ́kọ́ wẹ̀ àti èwo ni wọn yóò kọ́kọ́ bọ́. Àwọn obìnrin ń mi orí. Wọ́n tún ní olórí ló yẹ kó ṣáájú nínú ẹ̀wà ìbejì, nítorí náà ó se ẹ̀wà, gbogbo ọmọ Ọjà Igbó sì gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó jinná. Owó ẹ̀wà tí ó sè lọ́jọ́ kan yẹn ju ti wàrà oṣù kan lọ. Esther ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí òun ti mọ̀ pé Ọlọ́run ń ṣẹ́jú sí òun, ṣùgbọ́n oyè ti ń pa òun bí ọtí.

Nínú òjò ni Bọ́lánlé dé. Ọ̀yọ́ ló lọ sílé ọkọ. Ọkọ náà wáṣẹ́ lọ sí Òkè Ọya, kò rán ènìyàn, kò fi ohùn ránṣẹ́, ni obìnrin náà bá kó ọmọ padà sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Takọ-tabo ni ìbejì rẹ̀. Kẹ́hìndé, ọkùnrin, ṣì ń gbìyànjú. Táyé, obìnrin, ti rù débi pé ojú ló gba gbogbo orí rẹ̀ tán. Ààyè ṣì wà fún ìyá kan nínú ètò náà. Ẹ̀gbẹ́ Esther ni Bọ́lánlé jókòó sí, kí Díákónì tó ráyè tirẹ̀. Saifudeen ń ké. Bọ́lánlé wò ó, ó wo Esther, ó sì sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀, láìsí àránkan kankan nínú rẹ̀: "Ìyá, ẹ má bínú o. Bí ọ̀kan nínú tèmi bá ń ké, ọmú máa ń ṣàn sí mi láṣọ ni. Kẹ́hìndé yín ti ń ké látàárọ̀, aṣọ yín gbẹ. Aṣọ àbúrò ọkọ yín ló tutù." Kúbúrátù yára fi ìborùn bo àyà.

Díákónì Ọlálékan dé ọ̀dọ̀ wọn, ó wo ọmọ ńlá, ó wo ọmọ kékeré. "Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ìbejì nìwọ̀nyí? Ọ̀kan mà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì èkejì." Bí Esther bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé bí Bọ́lánlé bá ń wá ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo, tó ń jókòó ti òun, tó ń wo aṣọ ta ló gbẹ àti ti ta ló tutù, àṣírí yóò tú. Ó ní, "Sà, ká má tan ara wa. Ìbejì kì í rí báyìí. Àwọn obìnrin kan wà nígboro tó ń yá ọmọ kiri nítorí wàrà." Geere ni ọ̀rọ̀ náà jáde, torí kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń ṣe é. Bọ́lánlé kò pariwo. Ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí itan, ó ní, "Èwo ni mo yá nínú wọn, Ìyá? Ẹ fi hàn mí, kí n lọ dá a padà." Esther gbójú sókè, ó ń wo àjà. Díákónì ní ètò ni ètò, kí ó máa lọ, kí ó mú ẹni tó lè jẹ́rìí rẹ̀ wá. Bọ́lánlé pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan, ó bọ́ sínú òjò.

Bí Esther bá sọ ọ́ dé ibí yìí, kì í lè ṣàwàdà mọ́. Ó máa ń sọ pé wàrà, òun jí i, ebi ọmọ ló sì fà á, Ọlọ́run lè gbọ́ ẹjọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ òun gan-an ni òun gbé ka orí obìnrin tó mọ́, òun sì tún jókòó ti agolo. Ojú ń tì í títí di òní.

Wọ́n délé, Kúbúrátù wọ yàrá rẹ̀ lọ tààrà. Kò mú wàrà tirẹ̀. Nígbà tó tún gbé oúnjẹ lọ sí Sábó, ó sáré padà wá. Ó rí Bọ́lánlé níbi tí ó ti ń ru àpò àlùbọ́sà fún àwọn oníṣòwò, Kẹ́hìndé lẹ́yìn rẹ̀, àpò lórí, Táyé sì wà nílẹ̀ lórí àpò òfìfo, eṣinṣin ń bà lé e, kò ní agbára tí yóò fi ké. Kúbúrátù ní, "Ìyá Fisáyọ̀, irọ́ tí a fi ń mu wàrà, mo lè bá ọ pa á títí a ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Èyí tí a fi ń gba wàrà lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sí níbẹ̀. Mo máa ń kírun, kí ni kí n wí tí mo bá forí kanlẹ̀?" Esther bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ gan-an ni Màmá Kánádà ń bọ̀ fúnra rẹ̀ láti wá wo àwọn ọmọ, Ìyá Ẹgbẹ́ ni yóò sì jẹ́rìí. Joseph pàápàá ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tú ọ̀rọ̀ náà síta, àwọn òyìnbó yóò kó ẹrù wọn lọ, gbogbo ìyá ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́ yóò sì máa gbé e ṣépè. Esther ní, "Jẹ́ kí wọ́n wá, jẹ́ kí wọ́n lọ, lẹ́yìn náà màá jẹ́wọ́." Kúbúrátù ní, "Táyé Bọ́lánlé tó rù bí ẹ̀gún yẹn ò ní dúró dè ọ́. Màá mú ọmọ mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni yóò wà. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá gbà á lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n." Ó ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni ọjọ́ Ìsinmi náà ṣe dé. Màmá Kánádà jókòó síwájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ fìlà koríko, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọmọ. Wọ́n pe Ìyá Ẹgbẹ́. Esther jáde pẹ̀lú Fisáyọ̀ nìkan. Màmá Kánádà sọ nǹkan, Díákónì Ọlálékan tó ń túmọ̀ sì yí i padà: "Wọ́n ní Kẹ́hìndé dà?" Esther wo ẹ̀yìn. Kúbúrátù wà lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborùn bo orí, ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni Esther sọ ọ̀rọ̀ eyín yẹn, tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Mi ò bí ìbejì. Ọmọ kan ni mo bí. Mo yá ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo fi gba wàrà lọ́wọ́ yín láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn." Ẹ̀rín gé lẹ́nu ìjọ. Díákónì kọjú sí àwọn àlejò, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé arábìnrin yìí ní ayọ̀ òun pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Fìlà koríko ń mì.

Ẹni tó lọ sí Mọ́dánà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Esther ní, "Díákónì, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn, sà. Mo ní olè ni mí." Díákónì yí i padà pé ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wa níwájú Ọlọ́run. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Esther ní, "Mo purọ́ mọ́ Bọ́lánlé." Díákónì ní ó ń dárúkọ àwọn tí ètò yìí ti ṣe lóore. Nígbà náà, àwọn kan nínú ìjọ ti di ẹnu mú kí ẹ̀rín má bàa bọ́, àwọn kan sì ń bínú débi pé wọ́n ti dìde. Esther rí i pé bí òun bá jẹ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orúkọ òun yóò máa dára sí i ní Kánádà ni. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ní, "Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n mi, gbé ọmọ rẹ wá."

Kúbúrátù dìde. Ó rìn gba àárín ìjọ kọjá bí ẹni tó ń lọ gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, ó jókòó ti Esther níwájú, ó tú ọmọ sílẹ̀. Saifudeen lé tìróò wá tòun ti tírà, ebi sì ń pa á. Ó forí lé àyà ìyá rẹ̀, Kúbúrátù kò gbá a sẹ́yìn lọ́jọ́ yìí, ó fún un lọ́mú. Fisáyọ̀ rí èyí, òun náà fa bùbá Esther, òun náà mu. Ìyá méjì, ọmọ méjì, kálukú lórí ọmú tirẹ̀. Màmá Kánádà wo ibí, ó wo ọ̀hún, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń kéré díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí Díákónì, ó bi í pé ìyá mélòó ni àwọn ìbejì yìí ní. Gẹ̀ẹ́sì Díákónì Ọlálékan, tí a ti mọ̀ ọ́n sí láti ayé òyìnbó, parí síbẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, títí dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ìyá ìbejì sínú òjò nítorí ètò.

Gbogbo ìjọ ń retí kí Màmá Kánádà ní kí wọ́n di ẹrù. Ó bi Esther pé ṣé àwọn ọmọ méjì yìí mu wàrà náà. Esther ní, "Wọ́n mu ún, mà. A ò ta ìkankan." Màmá Kánádà ní, ó dára, àwọn méjì mu ún. Àwọn méjì tí kò mu ún ńkọ́? Díákónì túmọ̀ èyí bó ṣe wà, kò fi iyọ̀ sí i. Esther bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún tòótọ́, tí imú rẹ̀ ń dà. Màmá Kánádà dìde, ó gbé páálí wàrà kan látorí tábìlì, ó gbé e fún Díákónì. Kò sọ ohun tí yóò fi ṣe. Díákónì gbé e ka orí, tòun ti agbádá, òun, Esther àti Kúbúrátù kọjú sí Sábó.

Sábó kò mọ ọjọ́ Ìsinmi yàtọ̀. Wọ́n bá Bọ́lánlé níbi àpò àlùbọ́sà. Díákónì sọ páálí kalẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Esther kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí èèpo àlùbọ́sà, lójú gbogbo oníṣòwò. "Bọ́lánlé, èmi ni mo yá ọmọ. Ìwọ kọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ni o bí wọn, mo sì purọ́ mọ́ ọ nítorí kí wọ́n má bàa mọ̀ mí. Ṣe ohun tó bá wù ọ́ sí mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ mu nǹkan." Bọ́lánlé ṣí agolo, ó wá omi gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń se kókó, ó po wàrà, ó fi ṣíbí fún Táyé lẹ́nu. Ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ́ kí ó dà nù. Ó wá pọ́n ẹnu lá, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu. Kúbúrátù ló kọ́kọ́ mí. Bọ́lánlé bọ́ ọmọ méjèèjì tán kí ó tó dá Esther tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Wàrà, mo gbà á. Ẹ̀bẹ̀ yín ni mi ò tíì gbà. Ilé ìyá mi wà lódìkejì Ọjà Igbó. Ẹ dìde, ẹ gbé wọn. Ẹ pọn ọ̀kan, ẹ gbé ọ̀kan. Èmi yóò máa rìn bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ òfìfo, ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti ṣófo gbẹ̀yìn."

Esther pọn Táyé, ó gbé Kẹ́hìndé sí àyà. Kẹ́hìndé ń ta, Táyé ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì ti dúró láti tún èyí ṣe, èyí tó kù yóò fẹ́ bọ́. Kò sí Kúbúrátù tí yóò gba ọ̀kan. Kúbúrátù ń bá Bọ́lánlé rìn, Saifudeen sùn lẹ́yìn rẹ̀, Fisáyọ̀ sì wà lọ́wọ́ Díákónì, tí kò gbé ọmọ rí láti ìgbà tó ti bí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ìgboro, ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ rí Esther, ó ní, "Ìyá ìbejì, ẹ kú orí ire o." Esther fẹ́ ní ẹ ṣeun. Ó gbọ́ ìró bàtà Bọ́lánlé lẹ́yìn. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo bí wọn, sà. Ìyá wọn ló ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn. Mo purọ́ mọ́ ọn pé ó yá wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ọkùnrin náà dìde, ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó sì bẹ Bọ́lánlé láìmọ ìdí ọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn náà kí i, Esther tún wí bákan náà. Àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì kí i, wọ́n fẹ́ fi owó sí ọmọ lọ́wọ́, ó tún wí i. Kò sí ojúlé tí wọn kì í ti í kí ìyá ìbejì ní ìlú yìí. Nígbà tí wọ́n fi dé Ọjà Igbó, ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ Esther, ohùn rẹ̀ ti há, àwọn tó ń bẹ Bọ́lánlé sì ti di èrò lẹ́yìn wọn.

Ibẹ̀ ni Esther ti dúró lójijì. Ohun kan ń gbóná lọ sísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba inú ìró aṣọ àtàtà tó wọ̀ nítorí fọ́tò, ó dé ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò ní omi lára tí yóò fi sunkún ti mu wàrà tó, ó ti tọ̀. Bọ́lánlé rí i. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó ní, "Táyé ti dárí jì yín nìyẹn o, Ìyá. Ẹ máa rìn, a ò tíì délé."